Wọ́n ní ilé ìwòsàn náà kò jìnnà, síbẹ̀ ọ̀nà ń tán màmá mi lókun

Ìbéèrè: Màmá mi, ẹni ọdún 68, ní àìsàn kíndìnrín. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń bá wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó wà ní òdìkejì ìlú wa. Bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú irin kan la ń wọ̀ ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àbọ̀. Ìrìn kan máa ń gbà wá tó wákàtí méjì. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ilé ìwòsàn náà wà lára ibi tí ọkọ̀ ti rọrùn jù lọ nílùú, pé ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò ju 700 mítà sí i lọ. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni, àbí èmi ni mi ò mọ ọ̀nà? Kí ni mo lè sọ tí wọ́n á fi gbọ́ mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ara wọn á mókun. Ẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀bi kúrò lórí ara yín, nítorí ẹ mọ ọ̀nà dáadáa. Àwọn aláṣẹ yẹn náà kò parọ́. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí ọkọ̀ èrò ṣe ń gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ nínú ìlú ńlá, mo sì ti ka irú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Iye tó máa ń wà nínú rẹ̀ sábà máa ń tọ̀nà. Àmọ́ ìrìn tí wọ́n wọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí màmá yín ń rìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí 700 mítà yẹn. Ìlú London ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní PTAL. Àgbègbè Hammersmith and Fulham ló kọ́kọ́ lò ó ní 1992, kí gbogbo ìlú tó gbà á. Ó máa ń fún ibi kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 títí dé 6b, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ èrò ṣe sún mọ́ ọn tó àti bó ṣe ń wá lemọ́lemọ́ tó. Èrò tó wà nídìí ìṣirò náà ni pé èèyàn ń rin kìlómítà 4.8 ní wákàtí kan, ìyẹn 80 mítà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí ibùdó bọ́ọ̀sì kò bá ju 640 mítà lọ, ìrìn ìṣẹ́jú 8, wọ́n á kà á mọ́ ibẹ̀. Ti ọkọ̀ ojú irin lè jìnnà tó 960 mítà, ìrìn ìṣẹ́jú 12. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, 700 mítà yín wọlé wẹ́rẹ́.

Ta ló ń rin 80 mítà ní ìṣẹ́jú kan? Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni. Àgbàlagbà tí àìsàn ti bá fínra fún ìgbà pípẹ́ lè má rìn ju ìdajì mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 30 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìwọ̀n yẹn, 700 mítà tó yẹ kó jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 9 di ìṣẹ́jú 23, láì tíì ka ibi tí wọ́n á ti dúró mí. Àwọn iná ojú pópó gan-an kò ro tiwọn: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣe sórí pé ẹlẹ́sẹ̀ ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ìwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2012 fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ti lé ní ọdún 65 kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Iná á ti yí padà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàárín títì.

Ohun kejì tí máàkì yẹn ń bò mọ́lẹ̀ ló burú jù lójú mi. Ó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó nítòsí ibì kan, kò sọ ibi tí ọkọ̀ ọ̀hún ń lọ. Ilé ìwòsàn lè wà lẹ́bàá ibùdó tí ogún ọ̀nà bọ́ọ̀sì ń gbà kọjá, kí gbogbo wọn dojú kọ àárín ìlú, kí ẹyọ kan má sì lọ sí àdúgbò tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé. Lórí ìwé, ibẹ̀ á gba máàkì gíga. Ẹni tó ń bọ̀ láti òdìkejì ìlú á ṣì wọ ọkọ̀ mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, òṣìṣẹ́ ni wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ fún: kí ó wọ àárín ìlú láàárọ̀, kí ó padà sílé nírọ̀lẹ́. Aláìsàn kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ó ń gba ìbú ìlú kọjá, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ tàbí agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí bọ́ọ̀sì ti dín kù.

Ẹ wá wo ti dídúró de ọkọ̀. Ká ní àtẹ àsìkò sọ pé bọ́ọ̀sì 6 ń kọjá ní wákàtí kan, tí wọ́n sì ń wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó bá dé ibùdó láìwo aago á dúró nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 ní ìpíndọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe nígbà tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá dé. Èyí tó bá pẹ́ díẹ̀ á bá èrò púpọ̀ ní ibùdó, èrò púpọ̀ náà á tún mú un pẹ́ sí i. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí ẹni gbé, á sáré bá tiwájú. Bí àwọn 6 yẹn bá wá ń dé ní méjì-méjì, ìṣẹ́jú 20 ni á máa wà láàárín ìdé kan àti èkejì, ìdúró yín á sì di ìṣẹ́jú 10. Kò sí bọ́ọ̀sì kankan tí wọ́n yọ kúrò o. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń kà wọ́n á ṣì ka 6. Ẹni tó dúró lójú oòrùn ló mọ̀ pé ìdúró ti di ìlọ́po méjì.

Pípààrọ̀ ọkọ̀ ló tún wá dá kún un. Ká sọ pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dé lásìkò lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹni tó ní láti wọ mẹ́ta, tí ìkan kì í dúró de ìkejì, 73 péré nínú 100 ìrìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á lọ geerege. Nínú 27 tó kù, ibì kan á já. Fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, bíi mẹ́fà ni nǹkan á ti dàrú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ní àlọ nìkan. Nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ fi ń jáde nílé ṣáájú àkókò tó yẹ. Wákàtí tí ẹ fi ń ṣọ́ra yẹn kò sí nínú àtẹ àsìkò ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ ń san án.

Ìyẹn ni àlọ. Àbọ̀ ló ká mi lára jù, nítorí òun ni kì í sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 4. Omi tó ti gbára jọ nínú ara fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló ń fà jáde láàárín àsìkò kúkúrú yẹn, torí náà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, òòyì lè máa kọ́ni, iṣan ẹsẹ̀ lè máa fà. Ara tó jáde láti ibẹ̀ kì í ṣe ara tó wọlé. Ara yìí la wá ń sọ fún pé kó gun àtẹ̀gùn, kó dúró ní ibùdó tí kò ní àga, kó wọ ọkọ̀ mẹ́ta nígbà tí òṣìṣẹ́ gbogbo ń padà sílé. Tí ó bá jẹ́ pé ìpín alẹ́ ni wọ́n fi màmá yín sí, ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn lè ti lọ kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Wákàtí méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, mẹ́rin. Bákan náà ni iye wákàtí tí wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ 156 lọ́dún, èyí tó mú kí ọ̀nà nìkan gba wákàtí 624, odindi ọjọ́ 26 tọ̀sán-tòru. Ẹ kọ iye yìí sínú lẹ́tà yín bó ṣe wà. Mi ò tíì rí aláṣẹ tó kà á tí kò tún un kà.

Kì í ṣe ìrọ̀rùn nìkan lẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó bá pa ìgbà kan jẹ nínú fífọ ẹ̀jẹ̀, omi àti èròjà potassium á gbára jọ sí i lára, èyí sì lè da ọkàn láàmú débi ikú. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ pé ọ̀nà máa ń gé ènìyàn kúrò lára ìtọ́jú. Ní 1850, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edward Jarvis, yẹ ibi tí àwọn tí wọ́n gbà sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ti wá wò, ó sì rí i pé bí ilé èèyàn bá ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó ni wọ́n ṣe ń dín kù. Ní 1971, Julian Tudor Hart, dókítà kan ní Wales, kọ ọ́ pé ibi tí wọ́n ti nílò ìtọ́jú jù ni ìtọ́jú tó dára ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Nínú ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pàdé: ẹ̀yìn ìlú ni ilé ti rọrùn owó, ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀sì ti ń fọ́n ká, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gbé.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò nìkan ṣá. Ilé ìwòsàn náà ní tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kó kúrò láàárín ìlú lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti fẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ fún ẹni tó ní mọ́tò: ibi ìgbọ́kọ̀sí ló kọ́kọ́ wà, ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti bá ilé ìwòsàn kan ṣiṣẹ́ tí ibùdó bọ́ọ̀sì wà ní ẹ̀yìn odi rẹ̀ gan-an. Èèyàn lè dúró níbẹ̀ kó máa wo fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n odi ni, kò sí ilẹ̀kùn, kí aboyún sì tó rìn yí odi ká dé géètì iwájú, ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Odidi ọdún la fi ń jiyàn lórí ọ̀nà bọ́ọ̀sì tuntun. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló béèrè lọ́wọ́ wa ìdí tí a kò fi lu odi náà ní ilẹ̀kùn kékeré kan. Wọ́n lù ú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé ilé ìwòsàn kankan, ẹ̀yìn odi ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ wò.

Àwọn ibi tó ti dára wà, ẹ lè tọ́ka sí wọn. Ní Medellín, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan wà lójú ọ̀nà A tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hospital. Nígbà tí wọ́n ta okùn Metrocable, ọkọ̀ èrò tó ń rọ̀ sórí okùn lókè, gun orí òkè ní 2004, àwọn tó ń gbé lórí òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà A kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á pààrọ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ibùdó Hospital yẹn. Ní London, ibùdó Whitechapel tí ojú ọ̀nà Elizabeth ń gbà kọjá láti 2022 dojú kọ ilé ìwòsàn Royal London. Ní Mexico City, láti ìgbà tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969, ibùdó kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀ kí ẹni tí kò mọ̀wé kà má baà ṣìnà, méjì lára wọn sì ń jẹ́ Hospital General àti Centro Médico. Ẹ má fojú kéré orúkọ. Àjèjì tí ara ń ro kò gbọdọ̀ máa béèrè lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ pé ibo ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ó kan ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ kọ ìrìn yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àlọ mẹ́fà àti àbọ̀ mẹ́fà. Ẹ kọ àkókò tí ẹ jáde nílé, ìgbà tí ẹ dé ibùdó, ìgbà tí ọkọ̀ dé, ìgbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀, àti ìgbà tí màmá jókòó sórí àga ìtọ́jú gan-an. Ẹ má fi mọ sí géètì. Bákan náà ni kí ẹ ṣe ní àbọ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ kọ iye àtẹ̀gùn tí wọ́n gùn, bóyá ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá ẹnikẹ́ni dìde fún wọn. Tí ẹ bá parí, ẹ má fi ìpíndọ́gba ránṣẹ́, torí ìpíndọ́gba máa ń fi ọjọ́ tó dára bo ọjọ́ tó burú. Ẹ kọ àkókò tí ẹ ní láti jáde nílé kí ẹ má baà pẹ́ dé. Iye yẹn gan-an ni ìrìn náà ń gbà.

Ẹ má dá nìkan lọ. Àwọn tó ń jókòó ti màmá yín nídìí ẹ̀rọ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń wá, wákàtí mẹ́rin lẹ sì ń wà pọ̀. Ẹ béèrè àdúgbò tí oníkálukú ti ń wá, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Bí mẹ́fà tàbí méje bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà wá, ẹjọ́ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fi àwọn nọ́ọ̀sì àti agbálẹ̀ kún un, torí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì ju aláìsàn lọ, wọ́n sì ń parí iṣẹ́ lóru. Bọ́ọ̀sì tí àwọn aláìsàn nìkan kò lè kún, òṣìṣẹ́ á bá wọn kún un. Tí ó bá jẹ́ pé ìlú yín kò ní àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ aládàáni ń gbà, ìyẹn kò gbọ́dọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ní Nairobi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé fóònù dání, wọ́n wọ àwọn ọkọ̀ matatu kiri, wọ́n sì ya máàpù ọ̀nà wọn tó jáde ní 2014 lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Digital Matatus.

Lẹ́tà kan náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò àti sí ilé ìwòsàn, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì hàn lókè rẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìkíní á ní ọ̀rọ̀ ìkejì ni, ìkejì á ní ọ̀rọ̀ ìkíní ni. Ẹ má béèrè fún ojú irin tuntun; ọdún á gorí ọdún kó tó dé. Ẹ béèrè pé kí bọ́ọ̀sì tó ti ń kọjá wọ inú ọgbà, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi ìtọ́jú. Ẹ béèrè fún àga àti òrùlé ní ibùdó àbọ̀. Ẹ béèrè pé kí bọ́ọ̀sì kan máa kúrò níbẹ̀ ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ìpín kọ̀ọ̀kan bá parí, títí kan ti alẹ́. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé agogo mélòó ló ń ṣíwọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé àkókò iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Kí èsì lẹ́tà tó dé, àwọn ohun kan wà tí ẹ lè béèrè lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi nọ́ọ̀sì àgbà bóyá wọ́n lè gbé màmá sí ìpín tí kò ní í bá súnkẹrẹ fàkẹrẹ pàdé. Èyí kì í náni ní nǹkan kan, kàkà kí wọ́n sì sọ ọ́ fún aláìsàn, wọ́n máa ń dúró kó béèrè. Ẹ bi dókítà bóyá ibi ìfọ̀jẹ̀ kékeré kan wà nítòsí ilé, tàbí bóyá èyí tí wọ́n ń gba inú ikùn ṣe nílé bá ara màmá mu. Kò bá gbogbo èèyàn mu, òun ló máa mọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá ọkọ̀ kan wà tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún irú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ilé ìwòsàn máa ń gbé aláìsàn tí kò lè dá wọ ọkọ̀ èrò. Ní Amẹ́ríkà, Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn, ń sanwó irú ìrìn bẹ́ẹ̀, òfin ADA ti 1990, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, sì mú kó pọn dandan pé níbi tí bọ́ọ̀sì bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ọkọ̀ àkànṣe wà fún abirùn tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì, ó kéré tán láàárín kìlómítà 1.2 sí ojú ọ̀nà náà. Ibi tí ẹ wà lè ní tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Gbogbo èyí wà fún ìrìn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí èémí màmá bá ń há, tàbí tí àyà wọn ń dùn wọ́n, ẹ má ro ti bọ́ọ̀sì rárá, ọkọ̀ pàjáwìrì ni kí ẹ pè.

Bí ẹ bá ti kọ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì náà tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀. Màá bá yín yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, kí ó má sí ibi tí wọ́n á ti rí i fà ya.